Kí Ni CD4 Tí Dókítà Ń Kà Nínú Ẹ̀jẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ta ẹ̀wà ní ọjà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kòkòrò VIH, tí ń fa àrùn sida, wà ní ara rẹ̀. Nígbà náà, ó ti rù, ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí ó gbádùn, ikọ́ kò sì fi í sílẹ̀. Lórí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: CD4, 180. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Nísinsìnyí, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ó ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Lórí ìwé tuntun tí wọ́n fún un, wọ́n kọ ọ́ pé: CD4, 520.

Obìnrin náà fi ìwé yìí han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń gbé inú agbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní: “Àbúrò mi, iye yìí mà ti pọ̀ o! Ara rẹ ti yá. Kí ni o tún ń gbé oògùn mì sí? Fi í sílẹ̀, kí ara rẹ sinmi.”

Inú rere ni ẹ̀gbọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè pa àbúrò rẹ̀. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí CD4 jẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara, àti bí kòkòrò VIH ṣe sọ ọ́ di ilẹ̀kùn tí ó ń gbà wọlé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara

Ẹni tí ó bá ti dé Kétu rí yóò mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Láyé ìgbà ogun, odi amọ̀ àti yàrà yí ìlú ká, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà ní ẹnubodè láti mọ ẹni tí ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn rí. Awọ ara ni odi. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa gba ojú egbò, ẹnu, imú àti ojú ara wọlé. Nítorí náà, ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú.

Ohun kéékèèké kan ni a fi kọ́ ara wa, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Orúkọ wọn ni sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì egungun wà, ti awọ wà, ti ẹ̀jẹ̀ sì wà. Nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn pupa ni ó pọ̀ jù. Àwọn ni wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara. Àwọn funfun kò pọ̀ tó wọn, ṣùgbọ́n àwọn funfun yìí ni ẹ̀ṣọ́.

Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan ń gbé kòkòrò mì. Àwọn kan ń ṣe ohun ìjà tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára. Àwọn kan ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n dà bí balógun: iṣẹ́ wọn ni láti dá ọ̀tá mọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn yòókù sí ogun. Bí kò bá sí balógun, ọmọ ogun lè pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n wọn kì yóò mọ ibi tí wọn yóò dojú kọ.

Ọwọ́ tí balógun fi ń di ẹlẹ́rìí mú

Lára awọ sẹ́ẹ̀lì balógun yìí, àwọn nǹkan tín-ín-rín yọ síta bí ẹ̀gún ti ń yọ lára igi àràbà. Purotéènì ni wọ́n. A mọ purotéènì nínú oúnjẹ: òun ni ó wà nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin tí ń mú ọmọ dàgbà. Ara a sì máa fi oúnjẹ tí a jẹ ṣe purotéènì tirẹ̀, oríṣiríṣi, fún iṣẹ́ oríṣiríṣi. CD4 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Iṣẹ́ tí ara ń fi CD4 ṣe nìyí. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan bá gbé kòkòrò mì, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò sì gbé ègé kan síta sí ara awọ rẹ̀, bí ọdẹ tí ó gbé orí ẹran wálé kí àwọn ará ilé lè mọ ohun tí òun pa. Balógun yóò sún mọ́ ọn láti yẹ ègé náà wò. CD4 ni ọwọ́ tí ó fi di ẹlẹ́rìí yìí mú ṣinṣin títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Bí ó bá rí i pé ọ̀tá ni, yóò ké sí gbogbo ẹ̀ṣọ́ yòókù.

Kò sí àdììtú kankan nínú orúkọ náà. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Paris, nítorí pé olúkúlùkù wọn ń fi orúkọ tirẹ̀ pe àwọn purotéènì tí ó wà lára ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi ẹnu kò láti máa kọ lẹ́tà CD àti nọ́ńbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 4 ni ó kan èyí tí a ń sọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe balógun ní sẹ́ẹ̀lì CD4, nítorí àmì tí ó wà lára rẹ̀.

Àrùn tí kò ní orúkọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní ìlú Los Angeles. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó mú wọn. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n rí ohun ìyanu kan: àwọn balógun, èyí tí CD4 wà lára wọn, ni ó ń tán lọ.

Ní ọdún 1983, ní ilé ìwádìí Institut Pasteur ní Paris, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí kòkòrò tí a wá ń pè ní VIH. Nítorí iṣẹ́ yìí, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ oníwádìí kan ní Paris àti òmíràn ní London fi hàn pé CD4 gan-an ni kòkòrò náà ń dì mú kí ó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n fi ohun kan bo CD4 mọ́lẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò kò rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, Souleymane Mboup, onímọ̀ ará Senegal, wà lára àwọn tí wọ́n rí irú kòkòrò náà kejì ní nǹkan bí ọdún 1985. VIH-2 ni orúkọ rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti wọ́pọ̀ jù lọ. Òun náà ń gba ara CD4 wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè ba ara jẹ́ bí VIH-1. Àwọn oògùn kan tí ń ṣiṣẹ́ fún VIH-1 kò ràn án. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àyẹ̀wò sọ èyí tí ó wà lára ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ kòkòrò a máa bá ẹ̀ṣọ́ jà kí wọ́n tó rí ilé gbé. VIH kò ṣe bẹ́ẹ̀. Balógun ni ó kọjú sí. Ọwọ́ tí balógun fi ń di ẹlẹ́rìí mú ni ọ̀tá náà dì mú.

Àgádágodo méjì lára ilẹ̀kùn kan

Ara kòkòrò VIH ní àwọn kókó kéékèèké. Kókó yìí bá CD4 mu bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bá ojú àgádágodo mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò tíì ṣí. Ní ọdún 1996, àwọn oníwádìí rí i pé àgádágodo kejì wà. Purotéènì mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì kan náà ni, CCR5 ni orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò náà a máa lo purotéènì mìíràn dípò CCR5, ṣùgbọ́n CCR5 ni ó ń lò jù.

Nígbà tí kòkòrò bá di méjèèjì mú, awọ tirẹ̀ àti awọ sẹ́ẹ̀lì yóò lẹ̀ pọ̀, wọn yóò di ọ̀kan, ohun tí ó wà nínú kòkòrò yóò sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Níbẹ̀, yóò kọ àṣẹ tirẹ̀ mọ́ inú àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, balógun tí ń ṣiṣẹ́ fún ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ fún ọ̀tá. Àwọn kòkòrò tuntun yóò tú jáde, sẹ́ẹ̀lì yóò kú, àwọn kòkòrò náà yóò sì máa wá CD4 mìíràn kiri.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1996 yìí kan náà, àwọn oníwádìí ní Brussels àti ní New York rí i pé àwọn ènìyàn kan wà tí CCR5 kò sí lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kì í sábà kó VIH, nítorí pé àgádágodo kejì tí kọ́kọ́rọ́ yóò ṣí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbójú lé e. Láàrin àwọn ará Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láàrin àwa ọmọ Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ìmọ̀ yìí ran ọkùnrin kan lọ́wọ́. Timothy Ray Brown ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé ní ìlú Berlin ní Jámánì. VIH wà ní ara rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì tún mú un. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn fún un ní sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹnì kan tí kò ní CCR5, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè máa ti ara rẹ̀ jáde. Wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2008. Ó dá oògùn VIH dúró, kòkòrò náà kò sì padà mọ́. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2020, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á, kì í ṣe sida. Láti ìgbà náà, àwọn díẹ̀ mìíràn ti rí irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà eléwu ni. A ó kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣọ́ ara kí a tó fi tuntun rọ́pò wọn, ènìyàn sì lè ti ibẹ̀ kú. Ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà ni a ń ṣe é fún. Fún àwọn yòókù, oògùn ojoojúmọ́ ni ọ̀nà.

Kí ni nọ́ńbà náà ń sọ?

Nígbà tí a bá gba ẹ̀jẹ̀ láti ka CD4, iye balógun tí ó wà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ni a ń wá. Ẹ̀kán náà kò ju orí ìṣó kékeré lọ. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, iye náà sábà máa ń wà láàrin 500 sí 1 500. Bí VIH bá wọ ara tí a kò sì lo oògùn, yóò máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni náà yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa rẹ́rìn-ín, ojú kò ní lè dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ òtítọ́.

Bí iye náà bá lọ sí ìsàlẹ̀ 200, ewu ti dé. Àwọn àrùn tí ẹ̀ṣọ́ ara ń lé sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ yóò rí àyè wọlé: ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn Faransé ń pè ní tuberculose, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ìgbẹ́ gbuuru tí kì í dá, funfun nínú ẹnu àti ọ̀fun, àrùn tí ń wọ inú ọpọlọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó ń pa àwọn tí VIH wà lára wọn jù lọ ní ayé. Nítorí náà, VIH fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń pa ènìyàn. Ó kàn pa àwọn balógun, ó sì ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀tá yòókù.

Ọ̀tá tí ó sùn

Oògùn tí a ń pè ní ARV ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ọdún 1996 ni a ti mọ̀ pé bí a bá lo mẹ́ta pọ̀, agbára wọn a ká kòkòrò náà. Èyí tí ó ń dí i lọ́wọ́ láti kọ àṣẹ rẹ̀ wà. Èyí tí kò jẹ́ kí ó lẹ àṣẹ náà mọ́ ti sẹ́ẹ̀lì wà. Èyí tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbó dáadáa sì wà pẹ̀lú. Nígbà tí kòkòrò kò bá lè bí sí i, ara yóò ráyè bí balógun tuntun. Ìyẹn ni ó mú kí 180 di 520 nínú àpẹẹrẹ wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí nọ́ńbà náà kò sọ. Nínú díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4, àṣẹ kòkòrò ti wà ní kíkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jí. Ó ba bí ẹkùn tí ó ba sínú igbó. Nítorí pé kò ṣiṣẹ́, oògùn kò lè rí i mú. Bí a bá dá oògùn dúró, yóò jí, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kòkòrò yóò sì tún kún inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn balógun tuntun tí oògùn jẹ́ kí ara bí, àwọn gan-an ni yóò di ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní Abidjan

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn dókítà pàápàá ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní: bí CD4 bá ti pọ̀ tó, ǹjẹ́ a kò lè jẹ́ kí aláìsàn sinmi oògùn títí yóò fi tún dínkù? Wọ́n dán an wò ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Àwọn kan ń lo oògùn láì dá a dúró. Àwọn kan dá a dúró nígbà tí CD4 wọn ju 350 lọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 250.

Ní ọdún 2005, àwọn alábòójútó ìwádìí náà ní kí wọ́n dá ìsinmi oògùn dúró kí àkókò tó pé. Àìsàn líle mú àwọn tí ń sinmi ju ìlọ́po méjì àwọn tí kò sinmi lọ. Ìwádìí ńlá mìíràn tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, pẹ̀lú ènìyàn tí ó ju 5 000 lọ, dúró ní oṣù kìíní ọdún 2006 nítorí ohun kan náà: àwọn tí ń sinmi ń ṣàìsàn jù, wọ́n sì ń kú jù.

Ìbéèrè kejì kù: ìgbà wo ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ oògùn? Láyé ìgbà kan, a ní kí a dúró títí CD4 yóò fi sún mọ́ 200. Lẹ́yìn náà a gbé e sí 350, lẹ́yìn náà sí 500. Láti ọdún 2008, ìwádìí mìíràn ní Abidjan tẹ̀lé ènìyàn tí ó ju 2 000 lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, àwọn kan dúró bí òfin ìgbà náà ti wí. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ dín àìsàn líle kù ní 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún náà gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, dámọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni tí VIH bá wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àwọn aládùúgbò wa, ọkùnrin àti obìnrin ní Abidjan, ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kí ayé lè mọ èyí. Wọ́n ti san owó ẹ̀kọ́ náà. Kò yẹ kí ẹnì kankan nínú ilé wa tún un san.

Ìwé àyẹ̀wò ní nọ́ńbà méjì

Iye CD4 ń sọ bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà kejì, tí a ń kọ ní èdè Faransé pé charge virale, ń sọ bí ọ̀tá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, a fẹ́ kí ó gòkè. Èyí kejì, a fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ títí ẹ̀rọ kò fi ní rí i mọ́.

Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí ẹ̀rọ kò sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó VIH ran ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwádìí. Bákan náà ni fún aláboyún. Láìsí oògùn, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn ní VIH, àwọn tí ó máa ń kó o lè tó 15 sí 45. Bí ìyá bá ń lo oògùn láti inú oyún títí dé ìgbà ọmú, tí a sì tọ́jú ọmọ náà, wọn kì í tó 5. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ kò rí kòkòrò kò túmọ̀ sí pé ó ti tán. Ẹkùn ṣì ba sínú igbó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí agbo ilé náà. Àbúrò gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá ti ka ojú ìwé yìí, ohun tí yóò sọ nìyí: “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni pé iye náà ti pọ̀. Oògùn ni ó ń mú un pọ̀. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ lálaalẹ́ kí n má baà gbàgbé.”

Ẹ̀gbọ́n tí ó bá lè gbà bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ fún àbúrò rẹ̀. Bí oògùn bá ń ni ènìyàn lára, kí ó lọ bá dókítà kí ó bá a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí ìrìn àjò bá dé, kí ó gbé oògùn tí yóò tó o lọ. Ẹni tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò, kí ó lọ ṣe é nígbà tí ara ṣì le, kí àwọn balógun tó tán lẹ́nu bodè.